Makoto Nagao àti Bí Èdè Jàpáànì Ṣe Wọ Inú Kọ̀ǹpútà

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ọ̀rọ̀ yìí ni a gbé dání tí a fi fẹ́ mú àwọn òǹkàwé wa, pàápàá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, dé ilẹ̀ Jàpáànì lónìí, kí a lè jọ yẹ iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé kan wò tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Makoto Nagao. A bí i ní 1936, ó sì kú ní 2021. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, kò sí kọ̀ǹpútà kan tí ó lè kọ èdè Jàpáànì bí àwọn tí ó ni ín ṣe ń kọ ọ́. Nígbà tí yóò fi kú, kọ̀ǹpútà ń kọ ọ́, ó ń pín in sí ọ̀rọ̀, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè mìíràn. Nagao nìkan kọ́ ni ó ṣe iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n a bá ọwọ́ rẹ̀ nínú púpọ̀ nínú àwọn ìpele rẹ̀.

Ìbéèrè tí ó gbé wa dé ibẹ̀ kò jìnnà sí wa: nígbà tí ẹ̀rọ tuntun bá dé tí kò mọ èdè ẹni, ṣé èdè ni yóò yí padà nítorí ẹ̀rọ ni, tàbí ẹ̀rọ ni yóò yí padà nítorí èdè?

Èdè tí ẹ̀rọ kò gbà

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé wa, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí àwọn ará Jàpáànì ṣe ń kọ èdè wọn. Oríṣi àmì mẹ́ta ni wọ́n ń pò pọ̀ nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Èkíní ni kanji, àwọn àmì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ará Ṣáínà láyé àtijọ́; ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìtumọ̀ tirẹ̀, iye wọn sì jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Èkejì ni hiragana, ẹ̀kẹta sì ni katakana. Àwọn méjèèjì yìí dúró fún ìró, àmì ìpìlẹ̀ 46 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní. Lẹ́yìn èyí, àwọn ará Jàpáànì kì í fi àlàfo sílẹ̀ láàrin ọ̀rọ̀ kan àti èkejì. Gbólóhùn wọn a máa lọ gbọọrọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òǹkàwé ni ó sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan parí sí.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ṣe kò mọ ju ìwọ̀nba lẹ́tà díẹ̀ lọ. Ní 1915, Kyota Sugimoto ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fún èdè Jàpáànì, ṣùgbọ́n àmì tí ó wà nínú rẹ̀ tó bíi 2,400. Ẹni tí yóò lò ó ní láti kọ́ ọ bí ẹni ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́, títí yóò fi mọ ibi tí àmì kọ̀ọ̀kan wà.

Nígbà tí ó yá, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé èdè náà gan-an ni ó ní àbùkù. Ní 1946, lẹ́yìn tí Ogun Àgbáyé Kejì ti parí, ikọ̀ onímọ̀ ẹ̀kọ́ tí Amẹ́ríkà rán lọ sí Jàpáànì dábàá pé kí a máa fi lẹ́tà Róòmù kọ èdè náà. Ní ọdún kan náà, òǹkọ̀wé ńlá kan, Naoya Shiga, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn Kaizō, ó ní kí àwọn ará Jàpáànì kúkú sọ èdè Faransé di èdè orílẹ̀-èdè wọn. Àwa tí a fi Faransé kàwé ní Àjàṣẹ́, ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́ kò lè ka ọ̀rọ̀ yìí kọjá láìdúró. Ohun tí ìjọba amúnisìn fi lé wa lọ́wọ́ láìbi wá léèrè ni ọmọ Jàpáànì kan, tí ìwé rẹ̀ gbayì jù lọ láàrin àwọn ará ilé rẹ̀, fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú. Ó gbà pé èdè ìyá òun kò pé tó.

Ìjọba kò gba èyíkéyìí nínú àbá méjèèjì. Ohun tí ó ṣe ni pé, ní ọdún 1946 yìí kan náà, ó fi iye kanji tí a ó máa lò lójoojúmọ́ mọ sí 1,850. Ní 1948, ó dá ilé ìwádìí kan sílẹ̀ fún èdè orílẹ̀-èdè náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀: ọ̀rọ̀ wo ni ó wọ́pọ̀, ọ̀rọ̀ wo ni ó ṣọ̀wọ́n, kanji wo ni a ń lò níbo. Wọ́n ka ọ̀rọ̀ inú oríṣi ìwé ìròyìn 90 tí ó jáde ní 1956. Ní 1964, wọ́n tẹ ìwé kan jáde tí wọ́n pè ní Bunrui Goihyō, èyí tí ó to àwọn ọ̀rọ̀ ní ìdílé-ìdílé gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀ wọn: orúkọ ẹranko lápá kan, orúkọ oúnjẹ lápá kan, ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ lápá kan. Lójú ẹni tí kò mọ̀dí, iṣẹ́ aláìrówó-ná ni. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ ni wọ́n ń fi lélẹ̀ kí ilé tó dé.

Ẹnjiníà tí ó yàn èdè láàyò

Ìpínlẹ̀ Mie ni a bí Nagao sí. Ó lọ sí Yunifásítì Kyoto, ó kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ níbẹ̀, ó sì parí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ní 1959. Abẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Toshiyuki Sakai ni ó ti ṣiṣẹ́, ẹni tí ó ń wá ọ̀nà tí ẹ̀rọ yóò fi lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, kí ó sì dá lẹ́tà mọ̀ lójú ìwé. Ní 1966, Nagao gba oyè ọ̀mọ̀wé; ní 1973, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Kyoto kan náà. Kì í ṣe èdè nìkan ni ó mú lọ́wọ́. Ó ṣiṣẹ́ lórí bí ẹ̀rọ ṣe lè mọ ohun tí ó wà nínú àwòrán, títí kan ojú ènìyàn, Takeo Kanade tí òkìkí rẹ̀ kàn lẹ́yìn náà ní Amẹ́ríkà sì jáde láti inú ilé ìwádìí yìí. Ṣùgbọ́n èdè ni ó fi ọkàn sí jù.

Ọdún tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé yẹn gan-an ni ìròyìn tí kò dára dé láti Amẹ́ríkà. Ìjọba ibẹ̀ ti ná owó púpọ̀ lórí ìtumọ̀ èdè nípasẹ̀ ẹ̀rọ, nítorí wọ́n fẹ́ máa ka ìwé àwọn ará Rọ́ṣíà. Ní 1966, ìgbìmọ̀ kan tí a ń pè ní ALPAC gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde: ó ní ìtumọ̀ tí ẹ̀rọ ń ṣe falẹ̀ ju ti ènìyàn lọ, kò péye tó o, ìlọ́po méjì sì ni owó rẹ̀. Owó ìwádìí gbẹ, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Àwọn tí kò fi sílẹ̀ kò pọ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Bernard Vauquois ń bá a lọ ní Grenoble. Ní Jàpáànì, Nagao wà lára àwọn tí ó tẹra mọ́ ọn.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ fi rí bẹ́ẹ̀ ní Jàpáànì kò ṣòro láti rí. Ará Amẹ́ríkà tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò bá lè túmọ̀ èdè Rọ́ṣíà ṣì lè fi kọ̀ǹpútà náà kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀. Ará Jàpáànì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Katakana nìkan ni púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà ìgbà náà lè gbà, bí ìgbà tí a bá ní kí Yorùbá máa kọ èdè rẹ̀ láìsí àmì ohùn, láìsí àmì ìsàlẹ̀, láìsí àlàfo. Nítorí náà, kí a tó sọ̀rọ̀ ìtumọ̀, a ní láti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ìkọsílẹ̀.

Ọdún 1978

Ohun méjì ṣẹlẹ̀ ní 1978 tí àwọn òpìtàn kì í gbàgbé. Àkọ́kọ́, ìjọba Jàpáànì gbé ìlànà kan jáde tí ó fún àmì 6,802 ní nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. 6,349 nínú wọn jẹ́ kanji. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ kan ṣe lè ka ohun tí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ mìíràn kọ. Èkejì, ilé-iṣẹ́ Toshiba fi ẹ̀rọ ìkọ̀wé kan hàn tí a ń pè ní JW-10. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 220 kílò, ó tóbi tó tábìlì, owó rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù 6.3 yen. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó sídìí rẹ̀ lè tẹ ọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń dún lẹ́nu, ẹ̀rọ náà yóò sì wá kanji tí ó bá a mu.

Wíwá kanji yìí ni iṣẹ́ náà wà. Bí a bá tẹ ìró kisha, ó lè jẹ́ oníròyìn, ó lè jẹ́ ọkọ̀ ojú irin, ó lè jẹ́ pípadà sí ibi iṣẹ́, ó sì lè jẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹni tí a ń kọ̀wé sí. Ẹ̀rọ kò lè mọ èyí tí ó tọ́ àfi bí ó bá mọ gírámà, tí ó mọ ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú àti èyí tí ó tẹ̀ lé e, tí ó sì mọ èyí tí ó wọ́pọ̀. Àwa náà mọ ìṣòro yìí. Ẹni tí ó bá kọ “oko” láìsí àmì kankan lórí tàbí lábẹ́ rẹ̀ lè ní oko tí a ń ro lọ́kàn, tàbí ọkọ ìyàwó, tàbí ọkọ́ tí a fi ń roko, tàbí ọkọ̀ tí a ń wọ̀, tàbí ọ̀kọ̀ ológun. Ní Jàpáànì, ìró pọ̀, àmì ni a ń wá. Lọ́dọ̀ tiwa, àmì wà, àwa ni a ń sọ ọ́ nù.

Láti inú òfin sí inú àpẹẹrẹ

Ní 1982, ìjọba Jàpáànì gbé iṣẹ́ ńlá kan kalẹ̀ tí a mọ̀ sí Mu, Nagao sì ni olórí rẹ̀. Iṣẹ́ náà ni láti túmọ̀ àkékúrú àwọn ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì láti èdè Jàpáànì sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, àti láti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí èdè Jàpáànì. Ó parí ní 1986. Òfin ni wọ́n fi ṣe é: ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ tú gbólóhùn palẹ̀, yóò gbé ìhun rẹ̀ kọjá sí èdè kejì, lẹ́yìn náà ni yóò tún un hun. Ọ̀nà yìí bá èyí tí àwọn ará Grenoble ń tọ̀ tan. Ó gba atúmọ̀-èdè ńlá àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ òfin gírámà tí ènìyàn fi ọwọ́ kọ.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé, kí iṣẹ́ Mu tó bẹ̀rẹ̀ rárá, Nagao ti rí ibi tí òfin yóò ti kùnà. Ní oṣù kẹwàá 1981, níbi àpérò kan ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, ó gbé èrò kan kalẹ̀ tí a tẹ̀ sínú ìwé ní 1984. Ó ní ènìyàn kì í túmọ̀ gbólóhùn kúkúrú nípa títú gírámà palẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń rántí gbólóhùn mìíràn tí ó jọ ọ́, tí ó ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, kí a kó àwọn gbólóhùn tí ènìyàn ti túmọ̀ jọ fún ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ wá èyí tí ó sún mọ́ tuntun jù lọ, kí ó sì ṣe bí ti èyí.

Àpẹẹrẹ tí ó lò dá lórí ọ̀rọ̀-ìṣe “jẹ” ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ènìyàn bá jẹ ẹ̀fọ́, àwọn ará Jàpáànì ń lo taberu. Nígbà tí ásíìdì bá jẹ irin, okasu ni wọ́n ń lò. Bí ẹ̀rọ bá ti ní gbólóhùn méjèèjì yìí lọ́wọ́, tí a wá fún un ní tuntun pé ọkùnrin kan jẹ ọ̀dùnkún, yóò wo ìdílé ọ̀rọ̀: ọ̀dùnkún sún mọ́ ẹ̀fọ́ ju irin lọ, ọkùnrin kò sì jọ ásíìdì. Taberu ni yóò mú. Ibí yìí ni irú ìwé tí ó to ọ̀rọ̀ ní ìdílé-ìdílé, bíi Bunrui Goihyō ti 1964, ti wúlò. Àwọn tí ó fi sùúrù to ọ̀rọ̀ nígbà náà kò mọ̀ pé ẹ̀rọ ìtumọ̀ ni yóò jẹ ère iṣẹ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi èdè tiwa wò ó. A ń jẹ iyán, a ń jẹ gbèsè, a ń jẹ oyè, a ń jẹ ìyà. Bí ẹ̀rọ bá fi manger túmọ̀ gbogbo rẹ̀ sí Faransé, ẹ̀rín ni yóò pa wá. Òfin gírámà kan ṣoṣo kò lè là á já, nítorí ìhun gbólóhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò yàtọ̀. Àpẹẹrẹ ni yóò là á já: ẹni tí ó bá ti rí bí a ṣe túmọ̀ “jẹ gbèsè” yóò mọ ohun tí yóò ṣe sí “jẹ owó ọlọ́wọ́”, ẹni tí ó bá sì ti rí “jẹ Alákétu” yóò mọ ohun tí yóò ṣe sí “jẹ Ọnísábẹ̀ẹ́”.

Kì í ṣe ọ̀nà Nagao gan-an, bí ó ṣe là á kalẹ̀, ni àwọn ẹ̀rọ ìtumọ̀ òde òní ń tọ̀. Ìṣirò ni wọ́n fi dípò àfiwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí ìpìlẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn dúró lé: láti inú ohun tí ènìyàn ti kọ àti èyí tí ènìyàn ti túmọ̀ ni ẹ̀rọ ti ń kọ́ èdè. Èdè tí kò bá ní ohun tí a kọ sílẹ̀, ẹ̀rọ kò ní ibi tí yóò ti kọ́ ọ.

Gbólóhùn 40,000

Ní àwọn ọdún 1990, Nagao yí ojú sí kíkó àpẹẹrẹ jọ. Òun àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Sadao Kurohashi, ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tí a ń pè ní KNP, tí ó ń fi ọ̀rọ̀ tí ó gbára lé èkejì hàn nínú gbólóhùn. Òmíràn tí ń jẹ́ JUMAN ni ó ń ṣíwájú rẹ̀ láti gé gbólóhùn sí ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ gígé yìí kì í ṣe kékeré. Bí a bá kọ àmì mẹ́ta tí ó dúró fún olú-ìlú Tókíò, 東京都, ẹni tí kò mọ̀ lè gé e sí “ìlà-oòrùn” àti “Kyoto”, àwọn àmì náà yóò sì gbà fún un.

Wọ́n mú ìwé ìròyìn Mainichi ti ọdún 1995, wọ́n fi ètò méjèèjì gé àwọn gbólóhùn inú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni àwọn ènìyàn jókòó tí wọ́n fi ojú ara wọn yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n sì ń tún àṣìṣe ẹ̀rọ ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bíi 40,000 gbólóhùn ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Àkójọ yìí, tí ó ń jẹ́ orúkọ Yunifásítì Kyoto, ni ọ̀pọ̀ olùwádìí fi dán ẹ̀rọ tiwọn wò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú ọdún mẹ́wàá yìí náà ni Nagao ṣe ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àgbáyé tí ó wà fún ìtumọ̀ nípasẹ̀ ẹ̀rọ, tí a dá sílẹ̀ ní 1991. Ní 2023, Kurohashi di olórí ilé ìwádìí ìjọba Jàpáànì fún ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ṣe é.

Ọ̀mọ̀wé nínú ilé ìkàwé

Láti 1997 títí di 2003, Nagao ni olórí Yunifásítì Kyoto. Ní 2005, ó gba Ẹ̀bùn Jàpáànì. Ní 2007, a fi í ṣe olórí ilé ìkàwé ńlá tí ó wà lábẹ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, níbi tí a ń kó gbogbo ìwé tí a bá tẹ̀ ní Jàpáànì sí. Ipò yìí bá èrò rẹ̀ mu, nítorí ó ti kọ ìwé kan lórí ilé ìkàwé inú kọ̀ǹpútà láti 1994. Ní àkókò rẹ̀, ní 2009, wọ́n tún òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ṣe kí ilé ìkàwé náà lè máa ya àwòrán àwọn ìwé rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kí wọ́n má bàa bàjẹ́. Ó fi ipò náà sílẹ̀ ní 2012. Ní 2018, ó gba Oyè Àṣà, èyí tí kò sí oyè tí ó ga jù ú lọ fún àwọn ọ̀mọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà ní ilẹ̀ wọn.

Bí a bá wo gbogbo rẹ̀ pọ̀, okùn kan ṣoṣo ni ó so iṣẹ́ ayé rẹ̀. Láti dídá lẹ́tà mọ̀ dé orí ìtumọ̀, láti orí ìtumọ̀ dé orí àkójọ gbólóhùn, àti láti ibẹ̀ dé ilé ìkàwé, ohun tí ó ń wá ni bí ohun tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti kọ yóò ṣe wà níbi tí ẹ̀rọ lè ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ohun tí ó kàn wá

A kò ní tan ara wa jẹ. Jàpáànì jẹ́ orílẹ̀-èdè kan, ó ní ìjọba kan, ó ní owó, èdè rẹ̀ ni a sì fi ń kọ́ ọmọ láti kíláàsì kìíní dé yunifásítì. Èdè tiwa wà ní Nàìjíríà, ní Benin àti ní Togo, kò sì sí ìjọba kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó ń fi í ṣe ohun gbogbo. Ẹni tí ó bá ní kí a ṣe bí Jàpáànì láàárọ̀ ọ̀la kò tíì wo ìtàn náà dáadáa.

Síbẹ̀, apá kan wà nínú ìtàn náà tí kò gba owó rẹpẹtẹ. Àwọn ará Jàpáànì fẹnu kò lórí nọ́ńbà tí àmì kọ̀ọ̀kan yóò máa jẹ́ kí ẹ̀rọ wọn tó lè bára wọn sọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ wa, álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè tí Benin gbé kalẹ̀ ní 1975 ń kọ ɛ, ɔ àti sh. Àwọn ará Nàìjíríà ń kọ ẹ, ọ àti ṣ. Ọmọ Kétu tí ó kọ “ɔkɔ” àti ọmọ Abẹ́òkúta tí ó kọ “ọkọ” ń sọ ohun kan náà, ṣùgbọ́n lójú kọ̀ǹpútà ọ̀rọ̀ méjì tí kò bára tan ni wọ́n. Kódà láàrin àwọn tí ó ń lo àkọtọ́ kan náà, “ọ” ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ìlànà àgbáyé, ṣùgbọ́n “ọ́” kò ní. Ńṣe ni a gbọ́dọ̀ fi àmì ohùn lé e lórí. Ẹni méjì lè kọ ọ̀rọ̀ kan tí ó jọra lójú, kí ẹ̀rọ má sì rí èkejì nígbà tí a bá ń wá èkíní. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ bíi tiwa gbé síwájú àwọn onímọ̀ ìhà méjèèjì ni èyí, nítorí èdè kékeré kọ́ ni tiwa, ṣùgbọ́n bí a bá pín in sí méjì nínú ẹ̀rọ, a sọ ọ́ di kékeré nìyẹn.

Ohun kejì ni pé kí á kọ èdè náà pẹ̀lú àmì rẹ̀, kí á sì tọ́jú ohun tí a bá kọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi àmì ohùn sí iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe apá kan nínú ohun tí àwọn ènìyàn Kyoto jókòó ṣe sí gbólóhùn 40,000 wọ̀nyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ìròyìn tí ó bá ń gbé ọ̀rọ̀ kan náà jáde ní Yorùbá àti ní Faransé: ojú ewé méjì tí ó dojú kọ ara wọn yìí gan-an ni irú àpẹẹrẹ tí Nagao lọ bèèrè fún ní Lyon. Lọ́jọ́ tí Shiga kọ̀wé rẹ̀ ní 1946, ó rí èdè ìyá rẹ̀ bí ohun tí a lè pa tì. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí kò tíì pé ni Nagao nígbà náà. Ohun tí ó ya àwọn méjèèjì nípa kì í ṣe ìfẹ́ ilé, nítorí àwọn méjèèjì fẹ́ ire fún ilẹ̀ wọn. Ohun tí ó yà wọ́n nípa ni pé èkejì jókòó ti iṣẹ́ náà.